Ẹ̀sùn ìwà ipá nínú ilé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ohun tó lè gba olùjẹ́jọ́ sílẹ̀, àti ohun tí kò lè gbà á

Kí ẹjọ́ ìwà ipá nínú ilé tó dé iwájú adájọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù, olùjẹ́jọ́ ti sábà máa ń fi ẹnu ara rẹ̀ ba ohun púpọ̀ jẹ́. Ó ti sọ̀rọ̀ ní téṣàn, ó ti sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ olórítún, ìyẹn olórí àdúgbò, ó ti fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárín òru. Nígbà tí agbẹjọ́rò bá fi máa rí ìwé ẹ̀sùn gbà, gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ti wà nínú fáìlì. A kọ èyí fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn àti fún ẹbí tó ń sá sókè sá sódò nítorí rẹ̀. A kọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n lù pẹ̀lú, torí ó yẹ kí òun náà mọ ohun tí wọ́n máa bi í ní kóòtù.

Ìwà ipá nínú ilé ń pa èèyàn. Ẹni tó ń lu aya tàbí ọkọ rẹ̀ yẹ kó dáhùn níwájú òfin, a kò kọ èyí kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè rí ihò sá gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣe é wà, ẹni tó gbèjà ara rẹ̀ wà, obìnrin tí wọ́n ti ń lù láti ọdún gbọọrọ wà pẹ̀lú, tó jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo tó lù padà ni ọlọ́pàá wá mú un. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ìwé ẹ̀sùn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ sì wá nọ́ńbà abala òfin tó wà níbẹ̀. Lábẹ́ Òfin Ìwà Ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Ògùn ti 2006, abala 351 ni ti ìkọlù lásán: ìgbájú, títi èèyàn, fífún ni lọ́rùn aṣọ. Ẹ̀wọ̀n ọdún 1 ló wà níbẹ̀. Bí ìkọlù náà bá fa ìpalára sí ara, ó di abala 355, ẹ̀wọ̀n ọdún 3. Bí ìpalára bá burú débi pé ó ba ẹ̀yà ara jẹ́ tàbí ó fi àbùkù tí kò ní lọ mọ́ sílẹ̀, abala 335 ni, ọdún 7. Ọlọ́pàá tún sábà máa ń fi abala 249 kún un, ìyẹn ìwà tó lè da àlàáfíà ìlú rú, àti abala 451 bí ẹnì kan bá fọ́ fóònù tàbí wíńdò nígbà ìjà náà.

Àárín ọdún 1 sí ọdún 7 jìnnà síra gan-an, ìwé dókítà ló sì máa ń pinnu ibi tí ẹjọ́ máa bọ́ sí. Ibẹ̀ ni agbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bóyá ilé ìwòsàn ìjọba Ìjẹ̀bú-Òde ni ìwé náà ti wá o, bóyá ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Ṣàgámù ni, ìbéèrè kan náà ni ẹ máa bi í. Ọjọ́ wo àti aago mélòó ni dókítà yẹ aláìsàn náà wò? Ọjọ́ mélòó lẹ́yìn ìjà ni? Ṣé ohun tí dókítà fojú ara rẹ̀ rí ló kọ, àbí ohun tí aláìsàn sọ fún un? "Aláìsàn sọ pé ọkọ òun fi irin gbá òun lẹ́yìn" kò jẹ́ ẹ̀rí pé irin kan ẹ̀yìn. "Ojú ibi tó wú, tó sì dúdú, ní apá òsì ẹ̀yìn, gígùn rẹ̀ báyìí báyìí" ni ẹ̀rí. Bí olùfisùn bá sọ nínú stétíméǹtì rẹ̀ pé irin ni, tí ìwé dókítà sì sọ̀rọ̀ nípa ìhá èékánná nìkan, ẹ fa ìlà sábẹ́ méjèèjì. Ẹ̀yin tí wọ́n lù, ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó wẹ̀, kí ẹ tó fi àdí tàbí oògùn pa á. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ gbogbo ibi tó dùn yín, èyí tó kéré jù lọ pẹ̀lú.

Òfin kejì ni èyí tó dojú kọ ìwà ipá sí èèyàn, tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní VAPP. Ìjọba àpapọ̀ ṣe tirẹ̀ ní 2015, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ṣe tirẹ̀ ní 2017. Ohun tó kà sí ẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ ju lílù lọ. Nínú ti ìjọba àpapọ̀, lílu ọkọ tàbí aya ẹni lè di ẹ̀wọ̀n ọdún 3 tàbí owó ìtanràn ₦200,000. Lílé èèyàn jáde nílé pẹ̀lú ipá jẹ́ ọdún 2 tàbí ₦300,000. Kíkọ ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ láìsí owó oúnjẹ jẹ́ ọdún 3 tàbí ₦500,000. Èébú àti ìdálóró ọkàn jẹ́ ọdún 1 tàbí ₦200,000. Adájọ́ sì lè fúnni ní ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn pọ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá ṣe ìgbéyàwó kí ó tó kàn yín: àfẹ́sọ́nà àti ẹni tí ẹ jọ ń gbé wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun kan wà níbi òfin yìí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá. Òfin 2015 fúnra rẹ̀ sọ nínú abala 47 pé Abùjá nìkan ni òun wà fún. Tí wọ́n bá kọ ẹ̀sùn sábẹ́ òfin 2015 nítorí ìjà tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Àgọ́-Ìwòyè, agbẹjọ́rò lè tako ìwé ẹ̀sùn náà. Kí ó tó dáhùn pé òun jẹ̀bi tàbí òun kò jẹ̀bi ni kó ti sọ ọ́. Olùpẹ̀jọ́ lè tún ìwé náà kọ o, torí náà ẹ má rò pé ẹjọ́ ti tán. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ́jọ́ lábẹ́ òfin tí kò dé ìlú rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti téṣàn, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́ jù. Abala 35 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè 1999 fún ẹni tí wọ́n mú ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi rí agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tó bá wù ú bá sọ̀rọ̀. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú un sílẹ̀ fún un ní èdè tó gbọ́. Bí kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ 1 ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Kóòtù Májísíréètì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó wà ní Ṣàgámù, nítorí náà kò sí àwáwí fún púpọ̀ nínú àwọn téṣàn wa. Ẹbí tó bá ń gbọ́ "ẹ padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè" láti Wẹ́sìdeè gbọ́dọ̀ wá agbẹjọ́rò lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè náà. Béèlì ọ̀fẹ́ ni. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sì sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn: bí wọn kò bá rí ọkọ, wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ti ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ mọ́lé.

Stétíméǹtì ni ọ̀rọ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ń sọ Yorùbá fún IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, IPO ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á sì ní kí ó fọwọ́ sí i. Ó sọ pé, "Mo tì í kúrò lọ́dọ̀ mi nígbà tó di ṣẹ́ẹ̀tì mi mú." Ohun tó wà nínú ìwé ni pé ó ti obìnrin náà ṣubú. Ọ̀rọ̀ "ó di ṣẹ́ẹ̀tì mi mú" ti sọnù, òun ló sì yẹ kó gbà á sílẹ̀. Ohun tó tọ́ ni pé kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe sọ ọ́, kí wọ́n wá túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì sórí ìwé mìíràn, kí wọ́n sì gbé méjèèjì wá sí kóòtù. Bí ògbufọ̀ bá wà láàárín, ògbufọ̀ náà gbọ́dọ̀ wá jẹ́rìí. Bí kò bá wá, agbẹjọ́rò lè ní kí adájọ́ má gba ìwé náà, torí ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ ló jẹ́. Bí wọ́n bá lù ú tàbí wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn kó tó kọ ọ́, abala 29 nínú Òfin Ẹ̀rí 2011 ni wọ́n máa gbé e lé. Adájọ́ á dá ẹjọ́ gangan dúró ná, á gbọ́ ẹjọ́ kékeré mìíràn lórí bí wọ́n ṣe gba ìwé náà. Ọjọ́ tí olùpẹ̀jọ́ bá fẹ́ gbé ìwé náà kalẹ̀ ni kí ẹ tako ó. Bí ẹ bá jẹ́ kó kọjá, ó máa ń ṣòro láti padà sórí rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ní téṣàn kí agbẹjọ́rò tó dé, kí ó sọ orúkọ, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì ní òun máa sọ ìyókù níwájú agbẹjọ́rò òun. Kò sí ìwà àrífín nínú ìyẹn.

Ìpàdé ẹbí náà ní ewu tirẹ̀, a sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn létí àwọn àgbà. Níbí, bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, olórítún á pè yín, àwọn ìyàwó ilé á pé jọ, nígbà mìíràn àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ọkọ náà, á dá sí i. Wọ́n á ní kí ọkọ dọ̀bálẹ̀, kí ó sọ pé, "Mo jẹ̀bi, èmi ni mo lù ú, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Ó lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni ó gbá a lọ́wọ́ kúrò, ṣùgbọ́n kí ilé lè tòrò, ó ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Òfin Ẹ̀rí kò sọ pé iwájú ọlọ́pàá nìkan ni ìjẹ́wọ́ ti ń jẹ́ ìjẹ́wọ́. Ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ níbẹ̀ lè wá jẹ́rìí sí i ní kóòtù, ohùn tó fi ránṣẹ́ láti bẹ̀bẹ̀ sì ń bẹ lórí fóònù. Ẹyin lohùn. A kò ní kí ẹbí má parí ìjà. Ẹ parí rẹ̀ o, ẹ gbé obìnrin lọ síbi tí ọkàn rẹ̀ máa balẹ̀, ẹ fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn má ṣe ìjẹ́wọ́ kankan ní pálọ̀ ẹnikẹ́ni kí ó tó rí agbẹjọ́rò.

Kí a tó dé orí àwíjàre tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ jẹ́ ká kó àwọn tí kò lẹ́sẹ̀ kúrò. "Ìyàwó mi ni, mo ń bá a wí ni." Abala 295 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn fún òbí, alágbàtọ́ àti olùkọ́ láyè láti fi ìwọ̀n bá ọmọdé wí. Kò dárúkọ ìyàwó rárá. Ohun tí àwọn kan ń gbọ́ pé ọkọ lè na ìyàwó rẹ̀ wá láti abala 55 nínú òfin Penal Code ti ilẹ̀ Hausa, òfin yẹn kò sì dé Ìpínlẹ̀ Ògùn. "Ọtí ló ń ṣe mí." Abala 29 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn kò gba ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ mutí, àfi bí ẹlòmíràn bá fi ẹ̀tàn tàbí àìbìkítà fún un mu, tàbí bí ọtí náà bá sọ orí rẹ̀ di ti wèrè pátápátá. "Ó ti dárí jì mí, a ti jọ ń gbé." Ìjọba ló ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn, ìyàwó kò lè dá a dúró fúnra rẹ̀. Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ nìkan ni abala 211 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè fún ní agbára láti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹjọ́. Abala 182 nínú Òfin Ẹ̀rí sì sọ pé bí ẹ̀sùn bá jẹ́ ti ìwà ipá láàárín tọkọtaya, kóòtù lè fi dandan mú kí ẹni tí wọ́n lù wá jẹ́rìí. Bó bá wá yí ohùn padà nínú àpótí ẹlẹ́rìí, wọ́n á ka stétíméǹtì rẹ̀ àkọ́kọ́ sí i létí. Ìdáríjì wúlò nígbà tí adájọ́ bá ń ronú lórí iye ẹ̀wọ̀n. Ibẹ̀ ló mọ.

Àwíjàre tó lágbára jù lọ nínú irú ẹjọ́ yìí ni gbígbèjà ara ẹni. Abala 286 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn sọ pé ẹni tí wọ́n kọ lù láìnídìí, tí òun kò sì fa ìjà náà, lè lo agbára tó tó láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni adájọ́ máa ń wò. Ta ló kọ́kọ́ kọ lu èkejì? Ṣé ewu náà ṣì wà nígbà tó lù padà, àbí ó ti kọjá? Ṣé ohun tó fi dáhùn bá ewu náà mu? Bí wọ́n bá gbá yín létí, ẹ lè ti onítọ̀hún sẹ́yìn kí ẹ sì sá, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi ọmọ ọlọ fọ́ ọ lórí. Tí ó bá jẹ́ pé ó fún yín lọ́rùn tàbí ó mú àdá, tó sì dá yín lójú, pẹ̀lú ìdí tó mọ́gbọ́n wá, pé ikú tàbí ìpalára ńlá ló ń bọ̀, tí kò sí ọ̀nà mìíràn, òfin gbà yín láyè láti lo agbára tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 288 tún fi ẹ̀tọ́ kan náà fún ẹni tó gbèjà ẹlòmíràn, bí ọmọ tó bọ́ sáàárín láti gba ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin ló wà ní àhámọ́ nítorí irú èyí, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi bọ́ sáàárín.

Ohun tó máa ń ba àwíjàre yìí jẹ́ ni ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tí wọ́n lù ní yàrá, tó jáde lọ sí ilé ìdáná, tó mú ọ̀bẹ, tó padà wá, kò gbèjà ara rẹ̀ mọ́ lójú òfin. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ibi tí nǹkan wà ṣe pàtàkì: ṣé ọ̀bẹ wà lórí tábìlì tẹ́lẹ̀ nítorí pé wọ́n ń gé ilá? Ta ló dúró lẹ́nu ọ̀nà? Ṣé ilẹ̀kùn wà ní títì? Kí agbẹjọ́rò ya àwòrán yàrá náà, kí ó wọn ọ̀nà tó wà láàárín ibùsùn àti ilẹ̀kùn. Kí wọ́n ya fọ́tò egbò olùjẹ́jọ́ pàápàá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí ọlọ́pàá sábà máa ń gbé olùfisùn nìkan lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ béèrè ní téṣàn pé kí wọ́n gbé òun náà lọ. Ìhá ní iwájú apá, ibi tí èèyàn máa ń gbé sókè fi bojú, máa ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó ni ín. Bí ẹ̀rí ìgbèjà bá ti wà níwájú adájọ́, olùpẹ̀jọ́ ló ní láti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sí iyèméjì tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìmúnibínú wà nínú abala 283 àti 284, ṣùgbọ́n ó kéré ju bí àwọn èèyàn ṣe rò ó lọ. Ìbínú náà gbọ́dọ̀ gba ìkóra-ẹni-níjàánu lọ́wọ́ onítọ̀hún lóòótọ́, kí ó ṣe ohun tó ṣe lójú ẹsẹ̀ kí ara rẹ̀ tó balẹ̀, kí ohun tó ṣe má sì ju ohun tí wọ́n ṣe sí i lọ. Bí ó bá dá ìpalára ńlá, abala 284 kò gbà á. Òfin tún sọ pé ohun tó bófin mu kì í ṣe ìmúnibínú. Ìyàwó tó béèrè owó oúnjẹ kò mú ẹnikẹ́ni bínú lójú òfin. Ẹni tó ní òun fẹ́ padà sí ilé bàbá òun náà kò ṣe é.

Àìmọ̀ọ́mọ̀ṣe, abala 24, wà fún ohun tó ṣẹlẹ̀ láìsí ìfẹ́ inú ẹni: wọ́n jọ ń fa báàgì, báàgì já, ẹnì kan ṣubú kan ògiri. Kò bá gbígbèjà ara ẹni rìn dáadáa. Bí ẹ bá sọ ní téṣàn pé ìjàmbá ni, tí ẹ wá sọ ní kóòtù pé ẹ gbèjà ara yín ni, olùpẹ̀jọ́ á mú méjèèjì lé ara wọn. Kí ẹ pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀.

Ẹni tí kò sí níbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú ibi tó wà, àsìkò, àti orúkọ ẹni tí wọ́n jọ wà. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọlọ́pàá ni láti lọ wádìí rẹ̀. Bí ó bá dìgbà tó dé inú àpótí ẹlẹ́rìí kó tó ní òun wà ní Ìpẹru lálẹ́ ọjọ́ yẹn, adájọ́ lè má kà á sí. Ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ ní abala 28, ṣùgbọ́n òun ló máa fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ bá wọn wá ìwé ilé ìwòsàn tó ti ń lọ ṣáájú ìjà náà.

Àwọn ẹ̀rí méjì kan yẹ fún àfiyèsí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kì í búra ní kóòtù. Abala 209 nínú Òfin Ẹ̀rí sọ pé ẹ̀rí rẹ̀ nìkan kò tó láti dá ènìyàn lẹ́bi, àfi bí ẹ̀rí mìíràn bá kín in lẹ́yìn. Ọmọ ló sì sábà máa ń jẹ́ ẹlẹ́rìí ìjà ilé. Èkejì ni àwòrán ọ̀rọ̀ WhatsApp tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà: abala 84 béèrè fún ìwé ẹ̀rí lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi mú un jáde. Láìsí ìwé yẹn, ẹ lè ní kí adájọ́ má gbà á. Òfin yìí kan ẹ̀yin náà tí ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ WhatsApp gbèjà ara yín. Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ lórí fóònù náà, ẹ má sì tà á.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ka ẹ̀sùn, àwọn kan á gba olùjẹ́jọ́ níyànjú pé kí ó ní òun jẹ̀bi, kí adájọ́ lè fún un ní owó ìtanràn, kí ó tètè lọ sílé. Ìmọ̀ràn burúkú ni. Àkọsílẹ̀ ọ̀daràn máa tẹ̀ lé e lọ síbi iṣẹ́ àti ìwé ìrìnnà, kò sì sí ẹni tó lè ṣèlérí pé owó ìtanràn ni adájọ́ máa mú. Bí ẹlẹ́rìí olùpẹ̀jọ́ bá tán, tí ẹ̀rí wọn kò sì kan gbogbo ohun tí ẹ̀sùn náà ní, agbẹjọ́rò lè sọ fún adájọ́ pé kò sí ohun tí olùjẹ́jọ́ ní láti dáhùn sí. Bí adájọ́ kò bá gbà, olùjẹ́jọ́ ṣì lè gbèjà ara rẹ̀, tàbí kí ó dákẹ́, torí abala 36 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fipá mú un jẹ́rìí.

Bí kóòtù bá ti fún olùfisùn ní àṣẹ ààbò, tàbí tí béèlì bá ní kí olùjẹ́jọ́ má sún mọ́ ilé, kí ó má sún mọ́ ọn. Kí ó má ránṣẹ́ ìyá rẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀, kí ó má pe ọmọ lórí fóònù ìyá ọmọ. Bó bá nílò aṣọ àti irinṣẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, agbẹjọ́rò ni kó béèrè, kí ọlọ́pàá sì bá wọn lọ kó o. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀rí ìjà àkọ́kọ́ kò lè mú ló padà wọ àhámọ́ nítorí èyí.

Ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò lè lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gba ẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ ní orílẹ̀-èdè, ₦70,000 láti 2024. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, FIDA, ń gbọ́ ti àwọn obìnrin tí wọ́n lù. Ẹ mú ìwé ẹ̀sùn, ìwé béèlì, ìwé dókítà àti fóònù náà lọ. Bí ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga kò bá tẹ́ olùjẹ́jọ́ lọ́rùn, ọjọ́ 90 ló ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọjọ́ ìdájọ́ ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ bá rí ẹ̀dà ìdájọ́ gbà.